Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kọ́ mọ́tò, ẹ̀rù sì ń bà mí

ÌyáAyọ̀ (Ìbàdàn)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Àkọ́bí mi, Ayọ̀, máa pé ọmọ ọdún 17 nínú oṣù kẹjọ. Ó ti ṣe WAEC tán, ilé ló wà. Àtìgbà tó ti parí ìdánwò ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ kọ́ mọ́tò. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 15 lòun ti ń wa Píjò bàbá òun lọ sóko ní Ìṣẹ́yìn. Mo ní Ìṣẹ́yìn ayé ìgbà yẹn kọ́ ni Ìwó Road ti ìsinsìnyí. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ojú títì wa. Bí o bá sá fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọkadà á ti apá ọ̀tún yọ sí ẹ. Bí o bá sá fún ọkadà, inú kòtò lo máa bá ara rẹ. Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò láti ọdún 2009, mo ṣì máa ń gbàdúrà kí n tó ti Àkóbọ̀ jáde láàárọ̀. Ọmọ yìí sì rèé, tí mo bá ní kó lọ pa gáàsì ní ilé ìdáná, fóònù ló máa ń wò lọ, òun náà ló máa ń wò bọ̀. Òun ni kí n wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún?

Ohun tó wá dá kún ẹ̀rù mi ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 16, bá wọn sún mọ́tò kúrò nínú oòrùn. Kàkà kó tẹ bíréèkì, tọ́tù tó ń mú mọ́tò sáré ló tẹ̀. Géètì ló gba mọ́tò náà dúró. Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn géètì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ ra iyọ̀ ni.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kó kọ́ ọ báyìí ni, àbí kó dúró títí á fi pé 18?

Ọ̀rẹ́Olúwa
Kó dúró, mà. Mọ́tò ò ní sá lọ.

TíṣàMọ́tò (Abẹ́òkúta)
Ẹ kú alẹ́ mà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 18 lèèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè gba láísẹ́ǹsì. Ọmọ tí kò bá tíì pé bẹ́ẹ̀, ì báà mọ mọ́tò í wà ju èmi lọ, kó má dá gbé e dé títì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má retí pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á dá yín lóhùn. Ìnṣọ́ránsì third party, tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún mọ́tò ara ẹni láti oṣù kìíní ọdún 2023, kò bo ọmọ tí kò ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin lẹ máa tún mọ́tò onímọ́tò ṣe, ẹ̀yin náà lẹ máa san owó ọsibítù, ọlọ́pàá á sì tún fẹ́ mọ ẹni tó fún ọmọdé ní kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn kọ́ ọ nínú pápá tí wọ́n mọ odi yí ká, ọ̀tọ̀ ni kó gbé e sójú títì. Tó bá jẹ́ ti pápá, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Bó bá fi máa pé 18, á kàn ku láísẹ́ǹsì ni.

Ní ti géètì aládùúgbò yín, mo lè sọ ohun tó fà á láìdé ibẹ̀. Ọtọmátíìkì ni mọ́tò yẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láti pààrọ̀ jíà, torí náà ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan. Ọmọ tí wọn ò kọ́ dáadáa á gbé ẹsẹ̀ kan lé bíréèkì, á gbé ìkejì lé tọ́tù. Lọ́jọ́ tẹ́rù bá bà á, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ pàdé ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Gìgísẹ̀ á wà nílẹ̀ níwájú bíréèkì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni á máa yí lọ sórí tọ́tù, tí á sì máa yí padà. Lọ́dọ̀ tèmi, lọ́jọ́ kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Àga, dígí mẹ́ta, bẹ́líìtì, ẹsẹ̀. Ó parí. Wọ́n máa ń bínú sí mi.

Mọ́tò jíà ọwọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Tó bá ṣi kílọ́ọ̀ṣì fi sílẹ̀, mọ́tò á kú, ojú á tì í, kò sẹ́ni tó máa fara pa.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan yìí. Àwọn ọmọkùnrin tètè máa ń mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wọn wà. Ẹ̀rù wọn kì í bà mí lọ́sẹ̀ kìíní. Ọ̀sẹ̀ kẹta, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, ìgbà yẹn ni mo máa ń jókòó dáadáa.

BàbáÌbejì (London)
Tíṣà, ẹ ṣé é. Ìbejì ni tèmi, wọ́n ti lé ní 18 báyìí. Níbí, ọmọ lè béèrè láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti pé ọdún 15 àti oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì pé 17, kò lè fi wa mọ́tò. Ó máa kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé: ìbéèrè 50, ó sì gbọ́dọ̀ mọ 43 nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi fídíò 14 hàn án, á máa tẹ bọ́tìnì bó bá ti rí i pé ewu ń bọ̀. Kó tó yege, ẹni tó bá jókòó tì í gbọ́dọ̀ ti lé ní ọmọ ọdún 21, kó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Bó bá sì yege tán, tí wọ́n fi máàkì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sí i lórí láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì ti lọ nìyẹn, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́hìndé yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táíwò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń san owó, mo ń kanra. Lónìí, tí mo bá fẹ́ sùn nínú mọ́tò, Táíwò ni mo máa ń ní kó wà mí.

Ẹ jẹ́ kí n má tilẹ̀ sọ ti ìnṣọ́ránsì. Owó tí wọ́n ní kí n san lórí Kẹ́hìndé ju iye tí mo fi ra mọ́tò náà lọ. Ohun tó jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀ ni àpótí kékeré kan tí wọ́n so mọ́ mọ́tò. Bó bá sáré, á sọ. Bó bá tẹ bíréèkì lójijì, á sọ. Bó bá jáde lóru, á sọ. Mo ní irú ọ̀rẹ́ báyìí dára, mi ò ní láti máa bi í ní ìbéèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe London ló fún mi ní àyà jíjá, Ìbàdàn ni. A wálé ní Décémbà, Kẹ́hìndé ní òun ti ní láísẹ́ǹsì, kí n jẹ́ kí òun wà wá. Apá òsì la ń rìn ní London. Bó ṣe jáde nílé epo kan ní ọ̀nà Òjóò, ó wo ibi tó ti mọ́ ọn lára láti máa wò, ó rí i pé kò sí nǹkan, ó sì gbé mọ́tò bọ́ sí apá òsì títì. Tírélà ló wà níwájú wa. Mi ò mọ ẹni tó yí sítíárìn nínú èmi àti òun. Ìyá wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Àgbà_ÒkèÀdó
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ohun tó ṣe ọmọ yín yẹn, gbogbo Nàìjíríà ló ṣe lọ́jọ́ kan náà. Apá òsì làwa náà ń rìn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àjíǹde ni. Mo ti ń wa Morris bàbá mi fún ọdún méjì nígbà yẹn, bàbá mi sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá ná, kí àwọn aláìgbọ́n kọ́kọ́ lọ gbá ara wọn tán.

Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ni pé ojú ọ̀nà ló yí padà, mọ́tò ò yí. Sítíárìn ṣì wà lápá ọ̀tún nínú mọ́tò wa, ìtòsí gọ́tà lawakọ̀ wà. Bó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, kò lè rí iwájú. Ẹni tó jókòó tì í lápá òsì ló máa yọ orí wò, tó máa ní "Máa bọ̀!" tàbí "Dúró!" Ìyá mi ló máa ń yọ orí fún bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ "Máa bọ̀" nígbà tí kò yẹ, bàbá mi ò sì jẹ́ ká gbàgbé títí wọ́n fi kú.

Nígbà yẹn, kò tíì sí Road Safety. Ọdún 1977 ni wọ́n dá ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má bínú, mo ti ya kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá Ayọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ bàbá rẹ̀ ló máa kọ́ ọ.

Àdùkẹ́ (Houston)
Tèmi jẹ́ Texas. Ọmọ ọdún 15 lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́tò níbí, òbí gan-an sì lè kọ́ ọ tó bá forúkọ sílẹ̀ fún un. Wákàtí 30 ló gbọ́dọ̀ fi wa mọ́tò níṣojú àgbàlagbà, 10 nínú rẹ̀ ní òru. Tó bá pé 16 tó gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ jáde láti aago 12 òru sí aago 5 ìdájí àyàfi tó bá nídìí pàtàkì, kò sì gbọdọ̀ gbé ju ẹnìkan tí kò pé 21 lọ, àfi tó bá jẹ́ ẹbí. Òfin yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ kan nínú mọ́tò, ọmọ ni. Ọmọ mẹ́rin nínú mọ́tò, ọjà ni.

Ẹ̀yin ń bẹ̀rù tírélà. Èmi, iná ọlọ́pàá tó ń kọ mànà lẹ́yìn ọmọ mi ni mò ń bẹ̀rù. Ó ga, ó dúdú, ọmọ ọdún 16 ni, ó dà bí 22. Mo mú un wọ inú mọ́tò tó wà ní gáréèjì, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ọlọ́pàá. Mo ní ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn. Má na ọwọ́ sí ibi kankan. Kọ́kọ́ sọ ibi tí ìwé wà, kí o tó mú un. Bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ó bojú wolẹ̀. Mo ní kí ló dé tí o ò wò mí? Ó ní, "Mommy, ṣebí ẹ ní a kì í wo àgbà lójú." Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ọ ní ìyẹn, mo wá ń fi ìrọ̀lẹ́ kan tú u palẹ̀.

Sabo_Boy
Kí lẹ ń sọ gbogbo eléyìí sí? Mo mọ ẹni tó máa bá yín ṣe láísẹ́ǹsì, wọ́n á kọ 18 sí i, ọmọ ò ní dé ibì kankan ju ibi tí wọ́n ti máa ya fọ́tò. Ẹ pè mí lórí [nọ́ńbà ti kúrò]

Alábòójútó
Mo ti yọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Ẹ má tún dán an wò níbí.

TíṣàMọ́tò (Abẹ́òkúta)
Irú Sabo_Boy ló jẹ́ kí n máa rí ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta tó wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀ pé kí n kọ́ òun ní ríífáàsì. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì.

Mọ́rẹ̀nikẹ́_19
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ni mo jẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa.

Dádì mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi á ti wà lórí bíréèkì, wọ́n á ṣì máa pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" Mo wá ń rò pé bóyá kì í ṣe bíréèkì ni mo tẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mọ̀mí mi wà lẹ́yìn, wọ́n ń ka Orin Dáfídì 91 sókè ketekete. Ọjọ́ kẹta ni mo pákì mọ́tò, mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Obìnrin kan tí wọ́n san owó fún ló kọ́ mi níkẹyìn, kò gbé ohùn sókè rí. "Fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dáa. Tún un ṣe." Ó tán.

Ìyá Ayọ̀, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ó dá yín lójú pé Ayọ̀ ò tíì wa mọ́tò rí? Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í o.

ÌyáAyọ̀ (Ìbàdàn)
Mọ́rẹ̀nikẹ́, Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Mo bi í lánàá. Mo se ìrẹsì, mo fún un ní ẹran méjì, mo ní kó sọ òótọ́, mi ò ní nà án. Láti oṣù kìíní ni. Ẹ rántí pé òun ni mo máa ń rán tẹ̀lé mẹkáníìkì tó bá wá gbé mọ́tò mi, kó má bàa di pé wọ́n fi mọ́tò mi rìnrìn àjò. Bí wọ́n bá ti kúrò ládùúgbò, mẹkáníìkì á bọ́ sílẹ̀, á ní kó bọ́ sí ìdí sítíárìn. Ọmọ mi ti wa mọ́tò dé Mọ́níyà! Ojú títì ńlá!

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo rí i, mi ò mọ̀ pé mo rí i. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo máa ń bá àga mi lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ mi ò ní tó bíréèkì. Mo máa ń bú mẹkáníìkì. Ẹni kúkúrú ni mẹkáníìkì. Ayọ̀ ló ga.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé Mọ́níyà, ó dákẹ́.

Ọ̀rẹ́Olúwa
Ẹ na ọmọ yẹn o! Ẹ wá mẹkáníìkì mìíràn náà.

Olùkọ́_fẹ̀yìntì
Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Olùkọ́ ilé ìwé girama ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lálẹ́ ọjọ́ tí kíláàsì kan ṣe àríyá ìdágbére, márùn-ún nínú wọn kó sínú mọ́tò kan. Ẹni tó wà á, ọ̀dọ̀ awakọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ní ìkọ̀kọ̀, bí ti Ayọ̀ yìí. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ìṣirò. Méjì ò dé ilé.

Ìyá Ayọ̀, ẹ má nà án. Ẹ ti rí i, ọ̀sán gangan lẹ ti rí i.

Àdùkẹ́ (Houston)
Ah. Ẹ kú àmúmọ́ra, Olùkọ́.

TíṣàMọ́tò (Abẹ́òkúta)
Ìyá Ayọ̀, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ èèyàn ní Ìbàdàn, màá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kí n sọ fún yín ṣáájú, iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀ lára ọmọ tí mẹkáníìkì kọ́ ju èyí tí kò mọ nǹkan kan lọ. Ọwọ́ kan ló máa fi di sítíárìn mú. Ẹsẹ̀ òsì á máa sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì. Kò ní wo dígí, nítorí mẹkáníìkì etí ló fi ń wa mọ́tò. Ó ní láti gbàgbé gbogbo ìyẹn kí ó tó kọ́ tuntun, inú rẹ̀ ò sì ní dùn.

BàbáÌbejì (London)
Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ti fóònù. Tàwọn tèmi, inú àpótí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni fóònù máa ń wà kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ fi tèmi síbẹ̀, nítorí Táíwò sọ ọ́ sí mi lójú pé èmi ni mò ń dáhùn ìpè ní ojú títì. Òótọ́ ló sọ.

ÌyáAyọ̀ (Ìbàdàn)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọ̀rẹ́ Tíṣà pàdé wa lọ́sàn-án Sunday lẹ́yìn ìsìn, nínú pápá ilé ìwé kan tí wọ́n ti gbàyè fún un. Mọ́tò jíà ọwọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó ní kí Ayọ̀ jókòó, kó tún àga ṣe, kó tún dígí ṣe, kó gbé ẹsẹ̀ láti bíréèkì sí tọ́tù, kó gbé e padà. Fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ayọ̀ fajúro, ó ń wò mí nínú dígí bíi pé èmi ni mo rán ọkùnrin náà sí i. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó wa mọ́tò dé Mọ́níyà, mọ́tò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi wà lẹ́yìn. Mi ò ka Sáàmù, Mọ́rẹ̀nikẹ́, inú ni mo ti ń kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kejì, Ayọ̀ ní, "Mọ̀mí, kí lẹ ń tẹ̀ nílẹ̀ yẹn?" Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò onímọ́tò wọlé.

Mẹkáníìkì wá bẹ̀ wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mò ń gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ báyìí. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi tí mo bá sùn.

Ọ̀kan tí mi ò retí ni bàbá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a ní pálọ̀, ó jókòó lórí àga, ó fi gìgísẹ̀ tilẹ̀, ó ń yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀lé wa ní Sunday tó ń bọ̀. Ó ní ní Ìṣẹ́yìn, kò sẹ́ni tó kọ́ òun.